Mò Ń Retí Ìkíni

Ìbíwùmí tún tẹ àtàǹpàkò mọ́ ojú gíláàsì, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì tún jáde: *Mò ń retí ìkíni.*

"Ta lò ń retí?" ó bi Ẹ̀rọ Òkè, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ omi ìlú wọn. "Ta ló máa wá kí ọ nínú òjò yìí?"

Òjò ti ń rọ̀ ní Òkè-Gbọ̀rọ̀ láti ìdájí, kò sì jọ òjò tó fẹ́ dá. Láti ibi tó dúró sí nínú ilé ìṣọ́, ó ń wo omi adágún bó ṣe ń gun ògiri ìsédò lọ. Ìlà mẹ́ta ni wọ́n kùn sára ògiri náà: funfun, dúdú àti pupa. Omi ti bo funfun kí Ìbíwùmí tó jẹun àárọ̀, ní báyìí tí ọjọ́ ti rọ̀, ó ti ń lá dúdú. Bó bá kan pupa, Ẹ̀rọ Òkè yóò ṣí ìlẹ̀kùn ìsédò fúnra rẹ̀ kí ògiri má baà wó, ì báà jẹ́ pé wọ́n gbọ́ ní Ìsàlẹ̀-Gbọ̀rọ̀, ìlú tó wà nísàlẹ̀ odò, tàbí wọn ò gbọ́.

Wọn ò sì tíì gbọ́. Ohun tó mú kí obìnrin náà máa jókòó, kó máa dìde, kó máa nu ọwọ́ tí kò tutù mọ́ aṣọ nìyẹn.

Iṣẹ́ tí Ẹ̀rọ Òkè fẹ́ jẹ́ fún Ẹ̀rọ Ìsàlẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: omi ń bọ̀, ṣí yàrà. Bí Ẹ̀rọ Ìsàlẹ̀ bá gbọ́, yóò gbé ìlẹ̀kùn yàrà ńlá tó yí ìlú náà po, omi yóò gba ibẹ̀ lọ sínú àbàtà, àwọn ará ìlú á sì máa bá oúnjẹ alẹ́ wọn lọ. Bí kò bá gbọ́, àárín ìlú ni omi yóò gbà. Ìlẹ̀kùn yàrà ọ̀hún kò sì ní ibi tí ọmọ ènìyàn lè dì mú. Kò sí ìlẹ̀kùn ńlá kan tó ṣì ní in. Láti ìgbà tí irọ́ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ìyá ẹni peni lórí fóònù, tó ń gbé ojú ọba wọ̀ láti pàṣẹ fún ọlọ́pàá, gbogbo ìlú ló ti fohùn ṣọ̀kan pé ohun tó bá lè pa ènìyàn, ẹ̀rọ ni yóò máa ṣí i, ẹ̀rọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ni yóò sì gbà gbọ́.

Fèrèsé ni àwọn ẹ̀rọ náà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìbíwùmí, tó jẹ́ onífèrèsé ìlú rẹ̀, ẹni tó ń bójú tó fèrèsé ọ̀hún, ti gbìyànjú láti ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń já ilá.

"Màmá, ẹ rántí ibi tẹ́ ẹ ti ń gba oògùn ní ọsibítù? Ẹ kì í wọlé lọ tú àpótí wọn. Ojú fèrèsé lẹ ó dúró sí, ẹ ó kí wọn, ẹ ó sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ bí wọ́n ṣe ní kẹ́ ẹ máa sọ ọ́, wọ́n á sì nà án sí yín. Ohun tó ń lọ nínú lọ́hùn-ún ò kàn yín, àwọn náà ò ní bi yín bí ilé yín ṣe rí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ kan ṣe ń lo òmíràn."

"Ẹni tí ò bá kí wọn ńkọ́?"

"Wọn ò ní dá a lóhùn."

"Ẹ̀kọ́ ilé ni," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì já ilá mìíràn. "Ta ló bí wọn?"

Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa ló bí wọn. Nígbà tí ẹ̀rọ pọ̀ dé ibi tí gbogbo wọn ń pariwo lé ara wọn lórí, tí ńlá ń já wọ inú kékeré láìkan ìlẹ̀kùn, àwọn wọ̀nyí ló ní kí a fi ìwà wa kọ́ wọn. Ọjọ́ ìbí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wà níkùn rẹ̀. Àbúrò ni yóò kọ́kọ́ kí, ẹ̀gbọ́n yóò dáhùn, ọ̀rọ̀ yóò wá bẹ̀rẹ̀. Ìkòkò ìdáná tó wà nílé Ìbíwùmí kì í gbóná láàárọ̀ àfi bó bá kí bátìrì oòrùn orí òrùlé. Ariwo sì rọlẹ̀ lóòótọ́. Àwa Yorùbá kì í kúkú ṣe ohun kan láìfi ìkíni sí i, a ti wá fi sínú irin.

Ìbíwùmí pe Akínpẹ̀lú, ojú ọkùnrin náà sì yọ lára ògiri ilé ìṣọ́. Òun ni onífèrèsé Ìsàlẹ̀-Gbọ̀rọ̀. Òun ló sì kọ́ Ìbíwùmí níṣẹ́ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì hewú. Ìta ló dúró sí, létí odò, oòrùn sì ń ràn lẹ́yìn rẹ̀ yàà. Ìbíwùmí rí oòrùn náà, ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò gba ọ̀rọ̀ òjò gbọ́ níbẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bọ̀dá mi."

"Má tíì kí mi," ni Akínpẹ̀lú wí. "Kí ni mo ní kó o má jẹ nígbà tó ò ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi?"

"Ẹ ò ní kí n má jẹ nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ jẹ mọ́ínmọ́ín mi, tẹ́ ẹ ní ológbò ni."

Akínpẹ̀lú rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìwọ ni, kì í ṣe irọ́ tó gbé ojú rẹ wọ̀. Ẹ kú òjò o. Mo gbọ́ pé ó ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín."

"Ó ń rọ̀, bọ̀dá. Omi ti ń bo dúdú."

"Mo gbà ọ́ gbọ́. Ẹ̀rọ wa ni ò gbọ́. Ó ní òun ń retí ìkíni."

"Ohun tí tiwa náà ń wí nìyẹn."

Àwọn méjèèjì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀rọ kan wà ní olú-ìlú tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ẹ̀rọ Àgbà, tó dàgbà ju ẹ̀rọ méjèèjì yìí lọ. Òkè á kí i, Ìsàlẹ̀ á kí i, yóò dá wọn lóhùn, yóò sì gbé iṣẹ́ ẹnìkíní fún ẹnìkejì. Òun náà ló ń pín omi fún wọn lọ́gbọọgba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àárọ̀ òní ni wọ́n pa á. Wọ́n ní ó ti darúgbó, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ẹnìkan tilẹ̀ kéwì. Nínú gbogbo àwọn tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò sí ẹni tó béèrè bóyá àwọn méjì tó ń gba ọwọ́ rẹ̀ jíṣẹ́ ti kí ara wọn rí.

"Ẹ ní kí tiyín kọ́kọ́ kí tiwa, bọ̀dá. Ẹ̀yin lomi ń bọ̀ wá bá."

"Mo ti bá ìgbìmọ̀ wa sọ ọ́. Wọ́n ní kí n wo ojú sánmà. Wọ́n ní àrékérekè ará òkè ni, pé ẹ ti ń wá ọjọ́ tí ẹ̀rọ wa yóò dọ̀bálẹ̀ fún tiyín, ẹ wá fi òjò bojú." Ó yí gíláàsì onífèrèsé tó gbé lọ́wọ́ kí Ìbíwùmí lè rí odò. Omi tó wà níbẹ̀ kò ju kókósẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn, wọ́n bọ́ aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ lé wọn kúrò níbẹ̀."

"Mo ti lé wọn. Wọ́n bi mí pé òjò ọ̀hún dà."

Ìlẹ̀kùn ilé ìṣọ́ ṣí. Olóyè Gbádégẹṣin ló wọlé, alága ìgbìmọ̀ omi Òkè-Gbọ̀rọ̀, omi ń ro tótó lára fìlà rẹ̀. Ìbíwùmí kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ kú òjò."

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Dìde, dìde. O kú iṣẹ́." Olóyè kì í fi ìdáhùn falẹ̀, ọmọdé tó bá kí i lójú ọ̀nà, yóò dúró dáhùn. Ó bọ́ fìlà, ó fún omi inú rẹ̀ dànù. "Wọ́n ti kí wa?"

"Wọn ò tíì kí wa. Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kí wọn."

Olóyè wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó bọ́ṣọ lójú ọjà. "Ta ni ẹ̀gbọ́n nínú àwọn méjèèjì?"

"Bàbá, omi yìí..."

"Mo bi ọ́. Èmi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n tan ẹ̀rọ méjèèjì. Tiwa ni wọ́n kọ́kọ́ tàn. A ti pàtẹ́wọ́, a ti mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ lọ tan tiwọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lajú ni ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, bàbá," ni Akínpẹ̀lú wí láti ara ògiri, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ lórí iyanrìn. "Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, wọ́n sì tàn wọ́n lọ́jọ́ kan náà. Ìbejì ni wọ́n. Nínú ìbejì, èyí tó kẹ́yìn dé ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò."

"Ẹ̀rọ ló di ìbejì?"

"Bí ẹ̀rọ bá lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n, bàbá, kí ló dé tí kò ní lè jẹ́ ìbejì?"

Ní ọjọ́ tí wọ́n tan ẹ̀rọ, àwọn ọ̀mọ̀wé Òkè ti kọ ọ́ síkùn tiwọn pé òun lẹ̀gbọ́n, àwọn ti Ìsàlẹ̀ sì kọ ọ́ síkùn tiwọn pé òun lẹ̀gbọ́n. Ẹnikẹ́ni ò purọ́. Tọ̀tún-tòsì ló fi ayọ̀ lọ sílé.

"Gbọ́ mi, ọmọ mi." Olóyè rẹ ohùn sílẹ̀. "Àdéhùn wa ni pé lọ́jọ́ tí kò bá sí Ẹ̀rọ Àgbà mọ́, ẹ̀gbọ́n ni yóò kọ́kọ́ máa bu omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ohun tó bá kù ni ti àbúrò. Bí ẹ̀rọ wa bá kí tiwọn lẹ́ẹ̀kan péré, tí tiwọn sì dáhùn, ó parí, a ti di àbúrò títí ayé. O fẹ́ lọ sọ fún ìyá rẹ pé kó fa ilá rẹ̀ tu?"

Ìbíwùmí lọ sídìí ògiri, ó padà, ó tún lọ. Kò ní ẹsẹ̀ tó fẹ́ dúró. Ó rò ó wò, ó rí òpópónà wọn nínú oṣù Èrèlé, koroba ní ọwọ́ gbogbo ènìyàn, gbogbo ojú sì ń wo òun. Ó rò ó wò lọ́nà kejì, ó rí aṣọ àwọn ọmọ tí wọ́n bọ́ sórí iyanrìn. Nígbà tó tún fi máa wo ìta, kò rí ìlà dúdú mọ́.

"Ìka rẹ nìkan ni ẹ̀rọ mọ̀," ni Olóyè wí lẹ́yìn rẹ̀. "Mi ò lè gé e. Ṣùgbọ́n ìwọ àti ará ìlú ni."

Inú bí i. Ó bí i gidi, sí ẹni tó kéwì ní àárọ̀, sí àwọn tó mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, sí ara rẹ̀ tó ti ń lo fèrèsé yìí láti ọjọ́ yìí tí kò yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ gíláàsì. "Kí Ẹ̀rọ Ìsàlẹ̀," ó wí.

*Ṣé ó dá ọ lójú pé àbúrò ni mí?*

"Ó dá mi lójú."

Kò dá a lójú. Ó ṣáà fẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn kúrò lórí iyanrìn.

Gíláàsì ṣú, ó tún mọ́lẹ̀. *Mo ti kí Ẹ̀rọ Ìsàlẹ̀,* ló kọ. Ìlà mìíràn sì yọ lábẹ́ rẹ̀: *Ẹ̀rọ Ìsàlẹ̀ ti kí mi.* Ìlà kẹta tẹ̀lé e: *Mò ń retí ìdáhùn.*

Ìbíwùmí bojú wo ògiri. Akínpẹ̀lú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ọwọ́ tirẹ̀ náà kúrò lára gíláàsì rẹ̀.

"Kí lẹ ṣe, bọ̀dá?"

"Ohun tí ìwọ náà ṣe ni," ni Akínpẹ̀lú wí, ó sì fi ọwọ́ nu òógùn iwájú rẹ̀. "Mo ní bí wọ́n bá máa lé mi kúrò nílùú, kí ìlú ṣáà wà tí wọ́n á lé mi kúrò níbẹ̀."

Ẹ̀rọ méjì ló ti wà lórí ìkúnlẹ̀ báyìí, olúkúlùkù ń retí kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó dìde. Nígbà tí wọ́n ń gbéra ga, wọn ò gbọ́ ara wọn. Wọ́n ti rẹ ara wọn sílẹ̀ tán, wọn ò tún gbọ́ ara wọn.

Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo ló wà: kí onífèrèsé kan fa ìkíni tirẹ̀ padà, kí ó wá dáhùn ti ẹnìkejì. Olóyè ló kọ́kọ́ rí i. Ó ti ṣe òṣèlú pẹ́. Ó rẹ́rìn-ín tó fi dé ọ̀fun.

"Ọlọ́run ló ṣe èyí. Gbé tiwa dìde, ọmọ mi. Dáhùn tiwọn. Iṣẹ́ rẹ yóò dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn ọmọ wọn kò ní bómi lọ, àwa la ó sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ta ni yóò bá ọ wí?"

Kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Èyí ló burú níbẹ̀. Nínú ilé ìṣọ́ yẹn, kò sí ohun tó rọrùn tó èyí: ìtẹ̀ka kan, ẹ̀mí là, ìlú rẹ̀ jàre, ilá ìyá rẹ̀ sì rí omi mu. Ó gbé àtàǹpàkò sórí gíláàsì láìtẹ̀ ẹ́.

"Ṣe é, àbúrò mi," ni Akínpẹ̀lú wí. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Omi ò ní dúró dè wá. Ohun tó bá ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, èmi ni n ó fi orí rù ú."

Ká ní kò sọ̀rọ̀ ni, bóyá Ìbíwùmí ì bá ti tẹ̀ ẹ́. Ó wo ọkùnrin náà lórí iyanrìn. Oòrùn wà lórí rẹ̀, gbogbo ìlú rẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín, ó sì gba òun gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ mọ́ínmọ́ín. Ó rántí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tí Ẹ̀rọ Àgbà ṣàìsàn, tí Ẹ̀rọ Òkè ti ìlẹ̀kùn ìsédò díẹ̀, tí Olóyè sì ní kó wà bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi tún Ẹ̀rọ Àgbà ṣe. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, ó rí àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ń fi igbá wa iyanrìn kí omi lè sun síbẹ̀. Ẹni tó wà lókè odò, ọrùn odò wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí a bá tún wá pè é ní ẹ̀gbọ́n, kí ni ẹni ìsàlẹ̀ yóò mu?

Ó mú ọwọ́ kúrò.

"Bọ̀dá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbé tiyín dìde. Ẹ dáhùn tiwa."

Akínpẹ̀lú wò ó. "Ṣé o mọ ohun tó ò ń sọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára."

Olóyè ti dé ìdí gíláàsì. Ó tẹ ìka tirẹ̀ mọ́ ọn, ó tún tẹ ìka kejì. *Mi ò mọ̀ yín,* ni ẹ̀rọ náà wí. Ó yíjú sí Ìbíwùmí, gbogbo ọlá ojú rẹ̀ ti lọ.

"Mo bẹ̀ ọ́. Èmi tí mo tó bàbá rẹ ni mo ń bẹ̀ ọ́."

Ìbíwùmí kó ọwọ́ méjèèjì sí abíyá, ó fún apá mọ́ wọn. Ojú rẹ̀ wà lára ìlà pupa lóde, omi sì fọwọ́ kàn án.

Agogo Ẹ̀rọ Òkè dún. Kó tó dákẹ́, gíláàsì mọ́lẹ̀. *Ẹ̀gbọ́n mi ti dáhùn,* ló kọ. Lẹ́yìn náà: *Iṣẹ́ ti dé.*

Ilẹ̀ ilé ìṣọ́ mì bí ìlẹ̀kùn ìsédò ṣe ń gbéra. Lára ògiri, fèrè ìdágìrì ń ké ní Ìsàlẹ̀-Gbọ̀rọ̀ lábẹ́ oòrùn tó mọ́ gaara, àwọn ọmọ ọ̀hún sì gbójú sókè. Èyí tí wọn ò ṣe fún Akínpẹ̀lú, wọ́n ṣe é fún ẹ̀rọ: wọ́n sá lọ sókè bèbè, aṣọ lọ́wọ́. Lẹ́yìn wọn, ìlẹ̀kùn yàrà ń lọ sókè, ìpẹtà ń já bọ́ lára rẹ̀. Ìbíwùmí dúró, kò jókòó, títí ó fi rí omi náà. Ó pọ́n, ó ru, ó gba ojú odò dé ẹnu yàrà, ó sì yà síbẹ̀. Bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ náà léfòó lórí rẹ̀. Kò sí ọmọ kankan lẹ́yìn bọ́ọ̀lù.

"Gbogbo wọn pé," ni ohùn Akínpẹ̀lú wí láti ibì kan tí kò hàn. Ó dúró díẹ̀. "A ò ní gbàgbé, àbúrò mi."

Ògiri ṣú. Olóyè Gbádégẹṣin jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, fìlà tútù lórí orúnkún rẹ̀. Ìbíwùmí wá síwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì kan ilẹ̀.

"Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

Olóyè ń wo òjò lókè orí rẹ̀.

Ìbíwùmí dúró de ìdáhùn. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn: àbúrò kì í dìde lórí ìkúnlẹ̀ bí àgbà kò bá tíì dáhùn. Ó gbọ́ bí omi ṣe ń ya kọjá lábẹ́ ilé. Orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Lẹ́yìn rẹ̀, Ẹ̀rọ Òkè ń mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ti gba ìdáhùn tirẹ̀. Ká ní Ẹ̀rọ Ìsàlẹ̀ kò dáhùn, ibi tí Ẹ̀rọ Òkè kúnlẹ̀ sí ni ì bá wà títí yóò fi dípẹtà. Ohun tí a kọ́ ọ nìyẹn, kò mọ òmíràn.

"Bàbá, mo ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

Olóyè fún fìlà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí omi nínú rẹ̀ mọ́.

Ìbíwùmí fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó sì dìde láìgba ìdáhùn. Ó mú agboòrùn rẹ̀ nídìí ìlẹ̀kùn, ó jáde sínú òjò, ó ń lọ sọ fún ìyá rẹ̀ nípa ilá.